Òrí Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Ti Dé

Manchester, oṣù kejì, 1997

Màámi,

Òrí tí ẹ fi rán Phebe sí mi láti Iléṣà ti dé. Ẹ ní kí n máa fi ra orúnkún tó wú yẹn ní àràárọ̀. Ètè ni mò ń fi í pa, torí òtútù ibí ti jẹ́ kó sán.

Ẹ bi mí nípa jẹjẹrẹ egungun náà. Dókítà ní jíìnì, àwọn àṣẹ kéékèèké tó wà nínú ara wa, ló ń ránṣẹ́ sí egungun pé kó dàgbà, òun náà ló ń ní kó dúró. Nínú tèmi, “dàgbà” kò dákẹ́, “dúró” kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé jẹjẹrẹ náà dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ tí ẹ fi ń ra orúnkún mi nígbà yẹn ló fà á. Ẹ yé sunkún.

Ikọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù, òtútù ni. Mò ń jẹun. Yàrá mi ní fèrèsé.

Ẹ bá mi kí bàbá ìjọ àtàwọn akọrin. Ẹ sọ fún Bọ̀dá Elisha kó máa wọ bàtà dúdú mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ wa dọ́gba. Kó mú méjèèjì; ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè wọ̀ báyìí.

Ọmọ yín,
Silas