Ìdí Tí Mo Fi Na Ọwọ́ Òsì sí Bàbá Mi

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Màmá mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ epo. Bàbá Ìjù-Odò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí inú yín kò tilẹ̀ dùn sí mi. Yínká, àbúrò mi, ìwọ ni mo fẹ́ kí o ka ìwé yìí sókè fún wọn. Kà á dé òpin, kódà bí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹni tó bá rí ìwé yìí lójú ìwé ìròyìn lè máa wò ó pé kí ló dé tí ọmọ fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Bàbá mi kì í gbé fóònù mi mọ́. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti ṣe ohun tó bí wọn nínú, nítorí náà ojú gbogbo ayé ni mo fẹ́ ti ṣàlàyé.

Ọjọ́ tí ìjọ fi yín jẹ Bàbá Ìjọ ni. Ẹ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pálọ̀ wa l'Ókìtìpupa kún fún èèyàn, Yínká gbé fóònù sókè kí n lè rí gbogbo yín. Bàbá, agbádá funfun wà lọ́rùn yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ní kí gbogbo ilé dákẹ́, pé ẹ fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ yín tó wà lókè òkun. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín sí fóònù, ẹ ní kí èmi náà na tèmi kí n fi gba àdúrà. Ọwọ́ òsì ni mo nà.

Bàbá Ìjù-Odò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ohun tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ mi nìyẹn, pé kí ọmọ máa na òsì sí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ oyè. Màmá fẹ́ gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní fóònù ló máa ń yí ọwọ́ padà, pé bí àwọn náà bá ń fi ya ara àwọn, ọ̀tún máa ń di òsì. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ wá ní ó dáa, kí n gbé ìkejì sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Mo pa fóònù. Yínká, mo gbọ́ pé o sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì ni. O ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni mo pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ibi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní Skọ́tíláńdì. Mo ti máa ń sọ fún yín pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ó rọrùn lóòótọ́, òtútù rẹ̀ ni kò rọrùn. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi ti yàrá tí yìnyín wà, ó sì wúwo. Lọ́jọ́ kan, mo di etí ilẹ̀kùn náà mú kí n lè gbé páálí kọjá, ni afẹ́fẹ́ òkun bá gbá a dé. N kò mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́ mi ti kú sínú òtútù tipẹ́. Mo tilẹ̀ gbé páálí náà dé ibi tí mo ń gbé e lọ. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pariwo, tó ń nawọ́ sí ìbọ̀wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n bọ́ ọ, orí ìka àárín mi kò bá ọwọ́ mi jáde.

Mo mọ̀ pé Màmá á bèèrè ibi tí wọ́n fi èyí tó gé sí. Màmá, n kò mọ̀. N kò bèèrè. Wọ́n ní ó ti fọ́ kọjá èyí tí wọ́n lè rán padà, mo sì ní ó dáa.

Dókítà kan, obìnrin, jókòó tì mí. Ó ní egungun ti yọ síta, ọ̀nà méjì ló sì wà. Wọ́n lè gé egungun náà kúrú kí wọ́n rán ojú rẹ̀ pa, n óò sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Tàbí kí wọ́n ṣí awọ àti ẹran díẹ̀ ní ìdí àtàǹpàkò mi, láìgé e tán, kí wọ́n ká ìka náà wálẹ̀, kí wọ́n sì rán orí rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìka á máa gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ tí ń mu ọmú, tí ẹran náà bá ti mú, wọ́n á já a. Ó ní ìyẹn á pẹ́, pé ọwọ́ mi á wà ní kíká ní gbogbo àsìkò náà. Mo ní kí wọ́n ṣe ìkejì. Ó bi mí nídìí. Mo ní n kò fẹ́ kí ìyá mi rí ìka kúkúrú lọ́wọ́ mi. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni.

Wọ́n gún apá mi lábẹ́rẹ́, apá náà kú, mo ń wo àjà. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń rán mi. Ẹ̀rù kò bà mí, inú kò bí mi. Ó ti pẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà ti kúrò lápá mi, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí ẹni pé kò tíì kúrò nínú ọkàn mi.

Màmá, púpurú, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ṣì kù. Mo gbìyànjú láti rò ó nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò lè di ìkòkò mú kí ó tún máa ro nǹkan. Ìkòkò ń yí kiri, púpurú ta kókó. Mo fi ṣíbí jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ọ̀sán tó parí, bó ṣe máa ń rí níbí nígbà òtútù.

Bàbá, ibi tí mo wà nìyẹn lọ́jọ́ oyè yín. Báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún mi ní kíká. Bí mo bá gbé e sókè, ìkúùkù ni ìbá jọ, èmi ọmọ yín ń gbé ìkúùkù sí yín láàárín àwọn àgbà. Bí mo bá sì ṣàlàyé, ẹkún Màmá ni ẹ ìbá fi parí ọjọ́ náà. Mo rò pé òsì sàn ju ìkúùkù lọ. Kíá ni mo rò ó, n kò sì rò ó dáadáa.

Wọ́n ti já ìka náà kúrò ní ìdí àtàǹpàkò báyìí. Ó gùn tó bó ṣe yẹ, ó kàn sanra díẹ̀, èékánná rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan lára. Ó kan ìkòkò gbígbóná lọ́jọ́ kan, imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Dókítà ní ó lè máa mọ nǹkan lára díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú. Gbogbo nǹkan ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀gá ní kí n padà sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kan náà, mo ní kò burú. Owó tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín pẹ́, Màmá ní kò sí wàhálà, mo ní kò burú.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Yínká kò fẹ́ sọ ọ́, èmi ni mo fipá bi í. Ó ní nígbà àdúrà òwúrọ̀, Bàbá ṣì ń dárúkọ àwa ọmọ láti orí àkọ́bí dé orí òun àbíkẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi tèmi, wọ́n á fò ó bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀lé mi. Ó ní Màmá máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àmín. Bàbá, mo sunkún. Mo sunkún títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi wá kan ilẹ̀kùn.

N kò ní kí ẹ pè mí. N kò ní kí ẹ gbé fóònù bí mo bá pè. Bàbá Ìjù-Odò lè máa bínú lọ, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí gbogbo ilé kúnlẹ̀, bí ẹ bá dé ibi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ mi. Èmi náà á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí. N óò ṣe àmín.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Oyè tí ẹ jẹ á mọ́ yín lórí. Màmá, ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì àti àwọn àbúrò mi, ẹ kí gbogbo ìjọ, ẹ kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣe epo l'Ákótógbó.

Èmi ni ọmọ yín, ẹ̀kẹta,
Akínrìnádé.