Ọ̀bọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Kẹjọ

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti fà á ya. Ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè ṣe nǹkan kan kí n má padà wá wò ó bóyá mo ti bà á jẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀sán ni. Rẹ̀mí tí a jọ ń gbé yàrá ti lọ sí kíláàsì. Ó yẹ kí èmi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ti wú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè ohun tó ṣe mí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn Bàbá Lẹ́tà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìkẹjọ, èyí tó kẹ́yìn.

Mo ti máa ń rò pé ilé wa lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ nìkan ni wọ́n ti ń fi arúgbó inú ìwé yẹn rẹ́rìn-ín, òun tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní búréèkì kiri ìlú kékeré, tó ń wá ẹni tó jí adìyẹ àti ẹni tó gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣé àwọn tó ń kà á pọ̀, Bàbá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù. Rẹ̀mí ló fi mí sí i nígbà tó rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń jà lórí bí ìwé kẹjọ ṣe parí. Èmi ò dá sí i. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀, mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń pa á rẹ́.

Obìnrin kan kọ̀wé láti Ṣakí pé òun rẹ́rìn-ín títí dé orí kẹtàdínlógún, òun wá sunkún ní orí kejìdínlógún, ta ló rán òǹkọ̀wé níṣẹ́ yẹn? Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Sábó níbí ní òun ti fi gọ́ọ̀mù lẹ orí tó kẹ́yìn pọ̀ kí àwọn ọmọ òun má baà rí i kà. Nọ́ọ̀sì kan ní ìparí náà dára, nítorí pé bó ṣe máa ń rí fún àwọn àgbàlagbà nìyẹn lóòótọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde. Ìgbà yẹn ni alága ẹgbẹ́, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá kọ tirẹ̀: “Ìrẹ́jẹ gbáà ni! Kò sí òǹkàwé kankan tó lè mọ olè náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó tó dé orí tó kẹ́yìn, kó jáde wá, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Kò sẹ́ni tó jáde. Èmi wá yíjú wo àpò mi tó wà lára ògiri, nítorí pé awọ pupa yín wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń ṣe é? Lẹ́yìn ìrun alásàárì, tí iṣẹ́ bá ti dẹwọ́, ẹ máa ń ti tìmùtìmù tí ẹ ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa ń ka orí kan sókè fún èmi àti Màmá. Tó bá ku orí kan ṣoṣo, ẹ máa pa ìwé náà dé. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí sórí bébà, ẹ máa fi àjákù awọ wé e, ẹ máa rán an yí ká bí ìgbà tí ẹ bá ń rán tírà fún àwọn oníbàárà yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ pààrọ̀ orúkọ. Ìgbà tí orí tó kẹ́yìn bá tán ni ẹ tó máa fi ọ̀bẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ rán an, ẹ̀ẹ̀meje lẹ kùnà. Nínú ìwé kẹta, ìmáàmù lẹ fura sí. Nínú ìwé karùn-ún, ẹni tó ti kú ní orí kìíní lẹ fura sí. Èmi ni akọ̀wé, bíírò pupa ni mo sì fi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan: Bàbá kùnà. Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin á sì wò mí, ẹ á ní, “Ìyá mi, mo tún kùnà.”

Ìwé kẹjọ dé nígbà tí lẹ́tà ti ń fò lójú yín, èmi ni mo wá ń kà á fún yín. Nǹkan ti ń sọnù nílé wa nígbà yẹn. Ẹ ní mo gbé ọ̀bẹ tí ẹ fi ń gé awọ. Inú bùtà ìṣàlùwàlá yín ni mo ti rí i, mo sì jágbe mọ́ yín níwájú oníbàárà: “Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ ara yín gbé e síbẹ̀!” Ẹ kàn ń wo bùtà náà. Bàbá, kò sí ọjọ́ kan tí mi ò rí ojú tí ẹ fi wò ó yẹn.

Nígbà tí orí kẹtàdínlógún parí, ẹ gba bíírò lọ́wọ́ mi. Odindi ọ̀sán lẹ fi rán awọ kékeré yẹn, òwú rẹ̀ wọ́, ẹ kò sì jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí orí kejìdínlógún, mo kọ́kọ́ fi ojú sáré wò ó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Lẹ́tà ni gbogbo nǹkan tó sọnù nílùú wà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó wọn, tó sì ń gbàgbé. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀ pé òun ni olè tí òun ń wá, kí òun má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́la. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Mi ò lè kà á sí yín létí. Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ti wọ fìlà, bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, mo kàn gbọ́ tí mo ń sọ pé ọ̀bọ kan ló ń wọlé gba ojú fèrèsé, tó ń kó nǹkan àwọn èèyàn.

“Ọ̀bọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ọ̀bọ ta ni?”

“Ti ẹnì kan tó ń kọjá lọ.”

Ẹ ní, “Ìwé mẹ́jọ, Ìyá mi, a ò gbọ́ nípa ọ̀bọ rí.” Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo nawọ́ mú ọ̀bẹ kí n fi tú awọ náà, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú. “Má wulẹ̀ tú u. Mo ti kùnà náà nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo sì kọ ọ́. Bàbá kùnà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà lẹ lọ.

Mo gbé awọ náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí Rẹ̀mí kọ́kọ́ rí i, ó pariwo: “Ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́ yìí, tírà lo gbé wá bá mi ní yàrá? Kí dádì mi tó jẹ́ díákónì má gbọ́ o!” Mi ò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Mi ò rò pé màá tú u láéláé. Ó tó fún mi pé ọwọ́ yín ló rán an.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alága yẹn, mo fi réésà gé òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bébà náà ti gba àwọ̀ pupa lára awọ. Lẹ́tà yín tóbi, ó wọ́ sísàlẹ̀:

“Bàbá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ni. Kò mọ̀ ni. Kí wọ́n má bá a wí.”

Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó pẹ́ tó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé fóònù, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan, mo sì fi ránṣẹ́ kí ẹ̀rù tó bà mí: Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Kíákíá ni wọ́n ti dáhùn. “Há! Gbogbo bàbá ló máa ń mọ̀ ọ́n tí ìwé bá ti tán.” Alága náà fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́rin sí i, ó ní, “Ẹ ní kí Bàbá wá bá wa sọ̀rọ̀ fúnra wọn, a máa fi wọ́n jẹ oyè.” Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, Bàbá. Wọn ò mọ̀ ni. Mo pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́.

Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan. Nígbà tí ẹ ní kí n má tú u, ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni? Ṣé ẹ rò lóòótọ́ pé ẹ tún ti kùnà? Àbí ẹ ti mọ̀ pé mo ń parọ́, tí ẹ wá di ọwọ́ mi mú kí ojú má baà tì mí? Tí ẹ bá gbà mí gbọ́, a jẹ́ pé mo gba ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́ yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá mọ̀, a jẹ́ pé ẹ dá nìkan jókòó síwájú mi pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa ara yín, ẹ sì ń bá mi rẹ́rìn-ín nípa ọ̀bọ. Mi ò mọ èyí tí mo lè fara dà nínú méjèèjì. Màmá kò mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi.

Mo ti mú ìwé náà jáde báyìí. Mo fi bíírò pupa fa ìlà gba orí ohun tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́ rẹ̀: Bàbá mọ̀ ọ́n. Mo kà á sókè nínú yàrá, bí mo ṣe máa ń kà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, akọ̀wé yín tó kọ irọ́ sílẹ̀, tí ẹ máa ń pè ní Ìyá mi.