Èmi ni mo yí àmì ṣọ́ọ̀kì Wàsíù padà

Èmi ni mo jẹ̀bi. Kí n tètè sọ ọ́ kí àánú mi tó máa ṣe yín. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Ìjẹ̀bú-Òde ò tóbi tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, àwọn kọ́sítọ́mà mi sì ń ka page yìí.

Télọ̀ ni mí, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán. Mi ò kàwé jìnnà, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Èmi àti Wàsíù la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣáájú ẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ máṣíìnì, àmọ́ kó tó pé ọdún méjì ọwọ́ ẹ̀ ti já fáfá ju tèmi lọ. Tó bá ti gé aṣọ, ọ̀gá á pariwo, "Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ mi o!" Ọmọ mi... wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ yìí" ni wọ́n ń pe èmi. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ṣe ló máa ń ta mí láyà bí ìgbà tí wọ́n fi ata sójú egbò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín o, mo tiẹ̀ máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n tí mo bá délé mi ò ní lè jẹun. Màá máa ro bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń kí àwọn kọ́sítọ́mà, bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀... kí ló ní tí mi ò ní? Kí ló ní gan-an?

Freedom ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá fẹ́ ṣe fún àwa méjèèjì pọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí bàbá kan láti Odògbolú gbé aṣọ àrán wá, kí á fi rán agbádá tó máa wọ̀ lọ́jọ́ tó bá pé ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá ní Wàsíù ni kó gé e. Èmi àgbà ọmọṣẹ́ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọn ò rí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, àrán ní irun lára, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á sísàlẹ̀ á máa jọ̀lọ̀, tẹ́ ẹ bá pa á sókè á máa ta kò yín. Ibì kan náà ni irun gbogbo ègé ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí, torí tí wọ́n bá dorí ẹyọ kan kodò, àwọ̀ ẹ̀ á yàtọ̀ nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà kékeré sẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan ká tó gbé e sí máṣíìnì. Wàsíù gé e tán, ó fa àmì sí i, ó lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ìka nu ọfà tó wà lẹ́yìn ègé apá kan, mo fa òmíràn sódì. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Ó dé, ó gba àmì ọwọ́ ara ẹ̀ gbọ́, ó rán an. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Inú oòrùn lọ́jọ́ ayẹyẹ ni apá kan ti pọ́n, tí èkejì sì dúdú bí ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní lójú àlejò làwọn ọmọ bàbá náà ti ní kó bọ́ ọ.

Ọ̀gá ra àrán mìíràn dípò, wọ́n sì ní Wàsíù ò ní ṣe freedom mọ́, kó tún lo ọdún kan sí i, bẹ́ẹ̀ ìyá ẹ̀ ti sọ ọjọ́ náà fún gbogbo ẹbí. Wàsíù ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ṣì." Èmi tí mo ṣe é, mo bá wọn bẹ ọ̀gá fún un... ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́? Èmi nìkan ni mo ṣe freedom. Láti ìgbà náà, tí Wàsíù bá ti gbé sísọ́ọ̀sì sórí aṣọ olówó iyebíye, á tún gbé e sílẹ̀, á máa yẹ àmì ẹ̀ wò títí. Kò pé oṣù méjì tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìjagùn ló wà báyìí.

Ẹ ó rò pé ọkàn mi balẹ̀ nígbà yẹn. Rárá o. Mo ṣì ń jowú ẹ̀! Mo máa ń rí i pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára, táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bá a ṣàwàdà, tó bá ti rí mi, á ní, "Bọ̀dá wa! Ẹ ti ń yọkùn o, ẹ rọra jẹ Ìjẹ̀bú kù fún wa!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń bá mi rẹ́rìn-ín báyẹn. Ẹni tí mo ti ba ayé ẹ̀ jẹ́, mo tún ń jowú ẹ̀rín ẹnu ẹ̀... ṣé kì í ṣe wèrè nìyẹn?

Màmá kan wà, lecturer ni wọ́n ní yunifásítì tó wà ní Ìjagùn, ọ̀rọ̀ ọkàn èèyàn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n gbé aṣọ ọkọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, wọ́n béèrè Wàsíù tó ti rán aṣọ fún wọn rí lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ń yìn ín, mo bá jágbe mọ́ wọn, mo sọ téèpù mọ́lẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Kì í ṣe gbogbo ara rẹ ló jágbe mọ́ mi yẹn. Èwo nínú yín ni?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mummy, mi ò ní ẹ̀mí kankan o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ta ló dárúkọ ẹ̀mí? Ṣé kò sí ọjọ́ tí inú rẹ fẹ́ lọ, tí inú rẹ ò tún fẹ́ lọ?" Wọ́n ní bí èèyàn ṣe wà nìyẹn, a pọ̀ nínú ara wa, àti pé èyí tó ń jowú nínú mi ń ṣọ́ nǹkan kan ni. Kí n má lé e, kí n jókòó tì í bí ẹni jókòó ti àlejò tó ń sunkún, kí n bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi tí mo ti gbààwẹ̀ lé e tí kò lọ... mo gbìyànjú ẹ̀, ní àràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, èébú nìkan ni mò ń gbọ́ nínú mi. Èyí tó ń bú mi yẹn, mo ní kó jọ̀ọ́, kó sún díẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo wá fi sùúrù bi òjòwú yẹn pé láti ìgbà wo?

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo bá ara mi, nílé ìyá ìyá mi, ọmọ ọdún méje. Màmá mi ti fi mí síbẹ̀ lọ fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ Kérésì, àwọn àti ọkọ wọn àti ọmọ wọn tuntun, aṣọ kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀. Mo sáré lọ wẹ̀, torí mo rò pé tèmi wà nínú báàgì. Mo wẹ̀ dáadáa o, mo dúró níwájú báàgì náà pẹ̀lú omi lára. Màmá mi ní aṣọ ni ò tó. Láti ọjọ́ náà ni ẹnì kan nínú mi ti ń ṣọ́ aṣọ kó má bàa tán kó tó kàn mí. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo sọ fún un pé ó ti ṣe wàhálà tó, kó wá jókòó tì mí. Ẹ gbà mí gbọ́, àyà mi fúyẹ́. Mo ń jẹun, mo ń sùn.

Àmọ́ búlọ́ọ̀kù ṣì wà lórí Wàsíù. Mi ò tíì sọ ti àrán yẹn fún màmá lecturer. Ojú ọ̀gá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n fẹ́ fa ṣọ́ọ̀bù ńlá lé mi lọ́wọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Lánàá ni wọ́n pè mí ní "ọmọ mi" fún ìgbà àkọ́kọ́... inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí. Òjòwú yẹn sì ń sọ pé tí mo bá fi lè jẹ́wọ́, Wàsíù ni wọ́n máa pè, aṣọ á tún tán lójú mi. Mo gbọ́ ọ, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló yẹ kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọ̀gá ni àbí Wàsíù? Ṣé kó tó di Sátidé? Ṣé ní kọ̀rọ̀ ni, àbí lójú gbogbo èèyàn bí wọ́n ṣe dójú ti òun náà? Àbí àánú tí mò ń ṣe fún ara mi yìí gan-an ni mo fi ń sá pamọ́? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà dá mi lóhùn. Mo jẹ Wàsíù ní gbólóhùn kan tí ẹlòmíì ò lè bá mi san: pé ó gé aṣọ yẹn dáadáa.