Mẹ́rin àti Ogún Tí Séraphin Dáhùnsí Fi Sílẹ̀

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Eré Ogun Orí Tábìlì, Ifangni, ilẹ̀ Benin.

Sí Màmá Philomène Dáhùnsí, ìyá olóògbé. Sí Màdáámù Léontine, aya rẹ̀. Àti sí gbogbo ẹbí Dáhùnsí.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìdààmú tí a kò lè fi pamọ́ fún yín, ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Ọ̀gbẹ́ni Séraphin Dáhùnsí, akọ̀wé ní ilé ìwòsàn ìlú wa, ẹni tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, tó sì papò dà lójijì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Sátidé tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó wà láàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí alùpùpù kan bá dúró níwájú ìsọ̀ tí a ti ń ṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì máa ń gbójú sókè wò bóyá òun ni.

Ó yẹ kí ìwé yìí ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ má ṣe bínú. Ohun tó dá wa dúró ni ohun tí Màmá gbé kalẹ̀ níwájú wa ní ọjọ́ kẹta tí a sin olóògbé, tí a kò sì mọ bí a ṣe máa dáhùn. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, a jẹ àwọn ẹbí tó wá láti ọ̀nà jíjìn ní àlàyé kan. Níbi ìsìnkú, alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ káfíńtà, dìde láti sọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ní olóògbé ti ṣẹ́gun òun ju ọgọ́ta ìgbà lọ, àti pé kò fìgbà kan yan ọmọ ogun fún ara rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ara wọn lójú. Bàbá àgbà kan rọra bi wá lẹ́yìn náà pé ṣé Séraphin ti ṣiṣẹ́ sójà rí ni, tí wọn kò sọ fún òun. A tọrọ àforíjì. Ẹkún ló ń gbọ̀n alága wa, kò rántí pé kì í ṣe gbogbo ayé ló mọ eré wa.

Eré náà kò ju tábìlì kan lọ, lábẹ́ àtíbàbà ìsọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ lójú ọ̀nà Igolo. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni òkè, páálí ni ilé. Ẹni méjì á jókòó kojú ara wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí a fi igi gbẹ́, wọ́n á máa fi rúlà wọn ìrìn wọn, wọ́n á sì máa ju ọmọ ayò olójú mẹ́fà láti mọ ẹni tó kú. Àmì ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi kó ogun tirẹ̀ jọ. Akọni kan ń gba àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọmọ ogun lásán kan ń gba àmì márùn-ún. O lè mú akọni mẹ́rin, o sì lè mú ọmọ ogun lásán ogún. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa wà láti ọdún mẹ́rìnlá wá. Ẹni tó ní ogún lè yí ẹni tó ní mẹ́rin ká bíi kòkòrò tó bo ṣúgà. Ṣùgbọ́n akọni kan ṣoṣo tún lè dúró sí ọ̀nà tóóró láàárín ilé méjì, kí ó máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi tán. Èwo ló dọ́gba pẹ̀lú èwo? Iṣẹ́ tí olóògbé fi gbogbo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún tí Ayọ̀mikún, àgbẹ̀ láti Lagbé, kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́. Nígbà náà, àmì mẹ́ta péré ni ọmọ ogun lásán ń gbà. Ayọ̀mikún fi kùkù àgbàdo ṣe mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó dà wọ́n sórí tábìlì, ó sì nà gbogbo wa láìku ẹnì kan. Àwọn kan ní kí a lé e lọ. Olóògbé kò bá wọn sọ ọ́. Ó mú akọni mẹ́rin tó ṣẹ́ kù fún un, ó jókòó kojú ọkùnrin náà ní Sátidé méje, ó pàdánù nígbà méjèèje, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ bí ẹni ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn. Ní Sátidé kẹjọ, ó dé pẹ̀lú òfin tuntun: àmì márùn-ún ni ọmọ ogun lásán yóò máa gbà, bí ìdajì wọn bá sì kú, a ó ju ayò láti mọ̀ bóyá àwọn tó kù ṣì ní ọkàn láti dúró. Ayọ̀mikún fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ níṣojú wa pé láti ìgbà náà ni ìṣẹ́gun ti ń dùn mọ́ òun. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fọ́ kò fọ́ mọ́.

Ohun kejì tó fi lélẹ̀ ni òfin tí a kò lè gbàgbé láé. Ẹni tó bá to ogun méjèèjì sí orí tábìlì kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ mú. Yóò tò wọ́n, yóò fà sẹ́yìn, ẹnì kejì ni yóò yan apá tó bá fẹ́. Bí ẹni tó tò ó bá ti ṣojúsàájú, ara rẹ̀ ló ṣe é sí. Ó sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ Màmá ni òun ti kọ́ ọ: nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ọmọ tó bá gé iṣu ni yóò mú tirẹ̀ kẹ́yìn. Olóògbé ló ń to tábìlì ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ohun tí ẹlòmíràn bá fi sílẹ̀ ló máa ń fi jà. Yóò kàn nawọ́ sí tábìlì, yóò fi Faransé ní ó rèé: “Voilà, ẹ mú èyí tó wù yín.” Ọdún mẹ́rìnlá rèé, kò sẹ́ni nínú wa tó mọ èyí tó wu olóògbé fúnra rẹ̀.

A wá a nínú ìwé rẹ̀ tí Màdáámù Léontine yá wa. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí iwájú akọni, ó fagi lé e, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó tún fagi lé ìyẹn, ó padà kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i. A kò mọ̀ bóyá kí ọkàn wa balẹ̀ pé kò dá òun náà lójú, tàbí kí a túbọ̀ banújẹ́.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta fi dà wá láàmú. A wá kí yín. Bàbá Ọláòtán, ẹ̀gbọ́n olóògbé, sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé kí ogójì ọjọ́ tó pé ni ẹbí yóò pín ohun ìní rẹ̀, àti pé àpótí ọmọ ogun náà, ti ilé ni, ti ẹgbẹ́ sì ni, nítorí náà ó yẹ kí a pín in. Ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu wa pé kí ẹ má ṣe tú u ká. Màmá kò jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n ṣí àpótí náà fúnra wọn, wọ́n to akọni mẹ́rin sí apá kan, wọ́n ka ogún sí apá kejì láìṣi ọ̀kan kà. Wọ́n wá fi ọ̀pá ti ara wọn sẹ́yìn, wọ́n ní, “Voilà. Ẹ mú èyí tó wù yín.”

A ní kí ẹ fún wa ní ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ márùn-ún náà kò rọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ ní akọni mẹ́rin ni kí a mú, nítorí igi tíìkì ni wọ́n, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni olóògbé fi gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan; igi àpótí tòmátì ni àwọn ogún, òun á gbẹ́ òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi Adébùnmí, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní ìdí tí kò fi yẹ ká mú mẹ́rin gan-an nìyẹn, pé ṣé opó la fẹ́ fi igi àpótí tòmátì sílẹ̀ fún? Ayọ̀mikún ní kí a mú ogún. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún ń bẹ̀rù pé Màmá á rò pé nítorí pé wọ́n pọ̀ ni. Nígbà tó yá, ẹnì kan béèrè pé èwo ni Séraphin ìbá mú. Alága wa dìde, ó lọ ń pọ́n ayùn kan tó ti mú tẹ́lẹ̀. A kò tíì mọ̀ títí di ìsinsìnyí, a kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀.

Síbẹ̀ a ti yàn. Ogún ni a mú.

Kì í ṣe pé ó dá wa lójú. Ohun kan ṣoṣo ni a rí: ogún kò lè bá ara wọn jà. Ẹni tí mẹ́rin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ní láti jókòó kojú wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi lásán ni a kó sínú àpò. Nítorí náà, Màmá, ẹ̀yin àti Màdáámù Léontine, a ń bẹ̀ yín kí ẹ máa gbé mẹ́rin yín wá ní Sátidé. Màdáámù, láti ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ ti ń gbé omi tútù wá fún wa, tí ẹ ó dúró díẹ̀, tí ẹ ó sì lọ láìbéèrè ẹni tó ń borí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ mọ́. A ó kọ́ yín. Bóyá Màmá ti mọ̀ pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà yóò já sí nígbà tí wọ́n ń tò ó sórí ẹní, bóyá wọ́n kàn ń pín ẹrù ọmọ wọn bí ìyá ṣe ń pín nǹkan ni. A kò ní bi wọ́n.

Ní ti àwọn ìwé owó ìfẹ̀yìntì olóògbé tó kù ní ọ́fíìsì, èmi Adébùnmí yóò bá yín kọ èyí tó bá jẹ́ Faransé, n ó sì bá yín gbé e lọ. Ayọ̀mikún ní àgbàdo ilé yín ti wà nínú oko òun fún ìkórè yìí.

Kí Ọlọ́run tó mọ iye ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láìju ayò gba Séraphin sí ìsinmi. Kí Ó nu ojú Màmá tó sin ọmọ tó yẹ kó sin ín. Kí Ó jẹ́ kí Màdáámù Léontine rí oorun sùn. Kí Ó sì fún yín ní agbára láti rìn dé ojú ọ̀nà Igolo ní Sátidé, nítorí a ó ti to ogún tiwa sí apá ọ̀dọ̀ wa, a sì ti nu àga olóògbé, a fi sí apá kejì.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ, alága.
Adébùnmí, olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́.