Atẹ́gùn Tí Kò Dé Yàrá Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kìíní
Yàrá ẹ̀yìn tún dì gbagidi. Hítà ń pariwo, gáàsì ń jó, àmọ́ atẹ́gùn tó ń gba ihò hítà tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Àgbà jáde kò tó èyí tí èèrà fi ń sín. Bẹ́ẹ̀, a ti to ìdì koríko yí ilé onítáyà wa ká láti oṣù Kẹwàá, kí òtútù má bàa gba abẹ́ ilé wọlé, bí gbogbo ará North Dakota tórí wọn pé. Bàbá ń wúkọ́ bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ sítáàtì.

Ṣọ́jà pè — Àǹtí Doreen, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì. Ó ní tí yàrá yẹn ò bá gbóná dọjọ́ Àìkú, òun ń gbé bàbá òun lọ sílé àwọn arúgbó ní Bismarck. Mo sín in jẹ, tòun ti imú dídí, bó ṣe máa ń pe orúkọ Mọ́mì: "Mi ò bá ẹ jiyàn, Charlene!" Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ọgbọ́n Mọ́mì: ká fi ìbọ̀sẹ̀ dí gbogbo ihò iwájú, kí atẹ́gùn lè sáré lọ sẹ́yìn. A dí i. Hítà gbóná, ó gbóná, ó kú fin-ín. Orville tó ń gbé ilé onítáyà kejì yọjú: "Charlene, tí mo bá fi ìbọ̀sẹ̀ dí ẹ nímú, ṣé wàá lè sáré? Ẹ tú u kó tó dáná sun yín!"

Ọjọ́rú, 10
Omi inú ife tí Bàbá ń kó eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sí dì. Teyínteyín.

Ọjọ́bọ̀, 11
Orville ò gbé fóònù Mọ́mì. Mo fohùn Ṣọ́jà pè é: "Orville! Wá síbí báyìí kí n tó wá fà ẹ́ létí!" Ó sáré dé tòun ti bàtà ilé nínú yìnyín. Nígbà tó rí i pé èmi ni: "Shayla, ìwọ ọmọkọ́mọ yìí, ọjọ́ kan lẹnu yẹn máa kó bá ẹ." Àmọ́ ó tú hítà. Ìtẹ́ eku ló dí ẹnu fáànù. Ó fà á jáde. Iwájú ń fẹ́ fììì. Ẹ̀yìn — bó ṣe wà náà ló ṣì wà. Ó ní páìpù tó ń gbé atẹ́gùn lọ sẹ́yìn ti tẹ̀ níbì kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní ẹni tó bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì òun, òun á gé e jẹ. Mo ní, "Eyín dà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mọ́mì gbé Bàbá lọ sí kílíníìkì. Mo gbé pákó bẹ́ẹ̀dì sókè. Máṣíìnì ìránṣọ olóògbé Ìyá Àgbà Marlys, irin gidi, ló jókòó lórí páìpù. Páìpù ti pẹlẹbẹ bí ejò tí ọkọ̀ tẹ̀. Mo gbé máṣíìnì kúrò, mo na páìpù. Atẹ́gùn gbígbóná rọ́ lù mí lójú. Mo jó!

Ibo ni màá gbé e sí? Kò síbì kan àfi tábìlì oúnjẹ.

Bàbá dé, ó rí i. Kò pariwo. Ó ní òun mọ̀ pé máṣíìnì yẹn ló tẹ páìpù, òun lòun gbé e síbẹ̀. "Ìyá ẹ fẹ́ gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ìta, kó lọ máa dípẹtà nínú yìnyín. Marlys ò fẹ́ràn òtútù."

Mo sọ fún Mọ́mì pé ká fi í sórí tábìlì, ká máa jẹun lórí ìdúró. Mo fohùn Orville bẹ̀ ẹ́, mo fi ti pásítọ̀ wa, mo fi ti Ṣọ́jà. Ohùn tó kẹ́yìn, tèmi gan-an ni, ìgbà yẹn ló gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Yàrá gbóná. Bàbá bọ́ súwẹ́tà. A dúró jẹ ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀. Mọ́mì da tiẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Ṣọ́jà dé, ó fọwọ́ kan ihò ẹ̀yìn. "Ó gbóná o. Ó dáa, Dádì, ẹ lè dúró." Mo fò sókè. Bàbá ń wo tábìlì. "Doreen, ní Bismarck yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kéèyàn ní tábìlì tiẹ̀ nínú yàrá?"

Ṣọ́jà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ bá mi gbé Marlys sọ́kọ̀."

Mọ́mì dì mọ́ ọn. Bàbá ní, "Charlene, ọmọ yẹn ń dàgbà. Kò yẹ kó máa dúró jẹun."

Wọ́n ti lọ. Máṣíìnì wà lórí itan Bàbá, bẹ́líìtì ọkọ̀ kan ṣoṣo gba orí àwọn méjèèjì.

Yàrá ẹ̀yìn gbóná débi pé ara mi ń làágùn. Mọ́mì ní kí n ti ihò ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́, gáàsì ń ṣòfò.

Mi ò tì í.