Ìkúnlẹ̀ Àjọkẹ́ Létí Òkun

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Màámi, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì kí àwọn àbúrò yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà ní Agége yìí.

Bàámi, gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, Màámi ló ń gbé fóònù, wọ́n á ní ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí ní aago mẹ́wàá àárọ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ dá mi lóhùn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ojú gbogbo ayé ni mo ti jágbe mọ́ yín, ojú gbogbo ayé náà ló yẹ kí n ti bẹ̀ yín.

Ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀rá ní Ìkẹjà ni mo ṣì wà. Ooru ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kí n mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níta. Àwọn ará ilé tí mo ń gbé dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ mí láti kékeré nínú wọn. Ọlidé tó kọjá tí ẹ̀yin méjèèjì wá, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí a lọ sétí òkun, mi ò tíì rí i kí ẹ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ jókòó sínú yanrìn pẹ̀lú Àjọkẹ́ ọmọ mi, ẹ ń kọ́ ilé alájà méjì fún un. Màámi ń jẹ àgbọn, wọ́n ní omi ń jí yanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn.

Nígbà tó yá, ẹ lọ sábẹ́ ibòji. Àjọkẹ́ ṣì wà létí omi. Ẹ fẹ́ kó wá jẹ àgbàdo sísun, lẹ bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ṣe bí a ṣe kọ́ ọ. Ó jẹ́ yín lóhùn, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kọjú sí yín, ó kẹ̀yìn sí òkun. Ìgbì dé, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ. Èmi tó yẹ kí n máa ṣọ́ ọ, fóònù ni mo ń tẹ̀, mò ń dá ọ̀gá mi lóhùn. Ẹ̀yin lẹ sáré wọnú omi tẹ̀wù-tẹ̀wù, ẹ̀yin lẹ gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Kàkà kí n dúpẹ́, mo já ọmọ gbà lọ́wọ́ yín, mo sì bi yín lójú èrò pé ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni. Ẹ kàn ń fún omi lára ẹ̀wù yín. Ọjọ́ kejì lẹ wọkọ̀ lọ.

Bàámi, ojú ló ń tì mí. Mo mọ̀ pé èmi ni mi ò ṣọ́ ọmọ, mo wá ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi náà rù.

Ọlidé tún ti dé. Màámi ní ẹ ní ẹ ò ní wá, pé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ Èkó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tèmi ni mo ṣe ń kọ̀wé. Láti ọjọ́ etí òkun yẹn, Àjọkẹ́ kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ará ilé ń sọ pé a ò kọ́ ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí, èmi tilẹ̀ nà án lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á mọ́ra, tí mo bi í pé kí ló dé. Ó ní torí pé òun kúnlẹ̀ ni bàbá àgbà ṣe bínú lọ, pé bí òun ò bá kúnlẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n á padà wá.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Kò gbà. Ó ní kí n má parọ́, pé òun lòun kúnlẹ̀.

Ẹ máa bínú sí mi bó ṣe wù yín, Bàámi. Ẹ ṣáà gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sọ fún un fúnra yín pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún Màámi ní ara líle. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Ọmọ yín tó jẹ̀bi,
Mùfú, bàbá Àjọkẹ́.