Ràhímátù Yẹ Iṣẹ́ Rẹ Wò

Ishaq ọmọ mi,

A kí ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí orúnkún ìyá yín fúyẹ́. Èmi náà ṣì ń ṣe bíríkìlà mi ní Awoyaya.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ló mú mi kọ̀wé. Kọ̀mpáílà tí o ṣe kí o tó lọ Kánádà, tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè kọ̀ǹpútà, Ràhímátù ti ṣe ètò tí yóò máa dán an wò. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè, ó sì ti kọ ìdáhùn tó yẹ sábẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Ọgbọ́n wa nìyẹn! Bíríkìlà tó wọn ògiri tán kó tó kọ ìwọ̀n tó fẹ́, kò yẹ nǹkan kan wò.

Igba fáìlì ló yege, ẹyọ kan kọ̀: mẹ́wàá, yọ mẹ́ta, tún yọ méjì. Kọ̀mpáílà rẹ kọ́kọ́ yọ méjì kúrò nínú mẹ́ta, ó wá ní mẹ́sàn-án. Ìyá yín tí kò mọ kọ̀ǹpútà ní márùn-ún ni.

Ràhímátù ti tún un ṣe. Mo ní kó wá ju fáìlì yẹn nù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Òun ló máa pariwo tí àṣìṣe yẹn bá padà."

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Jọ̀ọ́, pe àbúrò rẹ, kí o yìn ín kí o tó ṣàlàyé ohunkóhun.

Bàbá rẹ,
Gàníyù